Ijó tí kò tẹ̀lé ìlù, orin tó gba ègbè lẹ́nu wa: àlàyé fún òǹwòran n'Ífẹ̀

Bí ijó òde òní bá parí ní gbọ̀ngàn kan n'Ílé-Ifẹ̀, tí iná tàn padà, gbólóhùn kan wà tí ẹ ò ní ṣàì gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí èrò ṣe ń jáde: "Ó dáa o, àmọ́ kò yé mi." Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpè. Olùkọ́ wà nínú wọn, oníṣòwò wà nínú wọn, ẹni tó ti ń jó bàtá láti kékeré wà nínú wọn. Ohun tó jọ ọ́ ló ń ṣe ẹni tó bá gbọ́ orin ìbílẹ̀ tuntun, irú èyí tí gìtá àti ìyá ìlù jọ ń gbé. Ó ń dún létí rẹ̀ bí ohun tó mọ̀, síbẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti dá sí i.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn ni òye àwọn kò tó. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi ara wa ni kò tọ́ sí ibẹ̀. À ń béèrè pé kí ni ijó yìí túmọ̀ sí, bí ẹni pé àlọ́ àpamọ̀ ni, pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, tí ẹni tó ṣe é sì fi pamọ́ fún wa. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ló ṣe mí? Níbo lára mi? Ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀? Ohun tó ṣe yín lára kì í ṣe àṣìṣe. Òun ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ẹ ní lọ́wọ́.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Ijó òde òní tí mo ń wí kì í ṣe ijó tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí orin tó gbòde. Ijó tí ẹnì kan jókòó ṣètò ni, tó ronú sí bí ara yóò ṣe rìn, ibi tí yóò ti dúró, ibi tí yóò ti ṣubú, tí àwọn oníjó sì fi àkókò gidi kọ́ kí wọ́n tó gbé e wá síwájú èrò. Kò ní ìgbésẹ̀ kan pàtó tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ́wọ́ àwọn tó kẹ̀yìn sí òfin ballet, ijó àtijọ́ àwọn òyìnbó tó ní ìgbésẹ̀ pàtó. Isadora Duncan bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán jó. Martha Graham mú bí èèyàn ṣe ń mí, bí àyà àti ikùn ṣe ń sún kì tí wọ́n sì ń tú, ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ijó tirẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, Germaine Acogny darí Mudra Afrique, ilé ẹ̀kọ́ ijó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1977. Nígbà tó yá, ó dá École des Sables sílẹ̀ ní etíkun Senegal, níbi tí àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ijó ilẹ̀ wa ló fi ṣe ìpìlẹ̀: orúnkún tó tẹ̀, ẹsẹ̀ tó mọ ilẹ̀, eegun ẹ̀yìn tó ń yí tó ń lọ.

Orin ìbílẹ̀ tuntun ní tirẹ̀, a mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí orin àlọ́ tàbí orin ọdún nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n inú oríkì, òwe, àlọ́ àti orin ọdún kan náà ló ti ń bu tirẹ̀. Beautiful Nubia ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lágbájá gbé dùndún àti bàtá sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàsófóònù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé gìtá kiri n'Ífẹ̀ àti n'Íléṣà lónìí, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tọ̀.

Ifẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ní 1968 ni ilé ìṣeré Orí Olókun ti ń ṣiṣẹ́, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà náà ló dá a sílẹ̀, àárín ìlú ni wọ́n sì fi í sí, kì í ṣe inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀lá Rótìmí ń darí àwọn eléré. Peggy Harper ń ṣètò ijó. Akin Euba ń kọ orin, ó ń wá bí dùùrù òyìnbó yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ bí ìlù wa. Lẹ́yìn náà, Múráínà Oyèlámì, ayàwòrán àti onílù ọmọ Ìrágbìjí, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà ní ìlù lílù. Ibi tí wọ́n fi Orí Olókun sí ló wù mí jù nínú ìtàn yìí. Wọ́n fẹ́ kí ará ìlú àti ará yunifásítì jọ jókòó wò ó, kí wọ́n jọ sọ ohun tó ṣe wọ́n.

Kí ló wá ń dà wá láàmú nínú ijó yìí? Ìlù ni, ju ohunkóhun lọ. Nínú ijó tí wọ́n fi tọ́ wa, ìlù ló ń darí. Ìyá ìlù bàtá á ki oníjó, á pa òwe fún un, á dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lójijì, oníjó tó bá gbọ́ èdè ìlù á sì fi èjìká tàbí ẹsẹ̀ dáhùn. Àwa tó ń wò ní iṣẹ́ tiwa. Ìdájọ́ ni à ń ṣe: ṣé ó gbọ́ ìlù àbí kò gbọ́? Bó bá gbọ́, a ó ké, a ó lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, àgbàlagbà kan á so gèlè le, á bọ́ sí agbo. Bí kò bá gbọ́, a ó ti mọ̀ kí onílù tó fi ìlù bú u. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ilé ìwé. Àtikékeré ni ojú wa ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1940 sí 1950, Merce Cunningham, oníjó ará Amẹ́ríkà, àti John Cage tó ń kọ orin, tú okùn tó so ìlù mọ́ ijó. Cunningham á ṣe ijó tirẹ̀, Cage á ṣe orin tirẹ̀, ohun tí wọ́n á fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà lọ. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tí èrò kọ́kọ́ wò ó ni àwọn oníjó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orin ọ̀hún. Wọ́n gbà pé ojú lè gba nǹkan kan, kí etí gba òmíràn, kí ẹni tó ń wò fúnra rẹ̀ pa méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ijó òde òní ló rí bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú èyí tí à ń rí nílẹ̀ yìí ló ṣì ń bá ìlù lọ. Àmọ́ ọ̀nà náà ti ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá wù ú lè gbà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tún padà sídìí ìlù.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí oníjó tó ń rìn jẹ́ẹ́ nígbà tí ìlù ń gbóná, ẹ má tíì sọ pé kò gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́, ó ń kọ̀ ọ́ ni. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ara ẹni tó ń kọ ìlù máa ń le, ìlù á máa fà á, òun náà á máa fà á padà. Ara ẹni tí kò gbọ́ kò ní ìjàkadì kankan nínú. Ojú tí a fi ń mọ ẹni tó gbọ́ bàtá náà ló máa rí ìyàtọ̀ yìí, ẹ ò nílò ojú mìíràn.

Ẹ má sì rò pé àwọn aláwọ̀ funfun gba ijó báyìí wọlé tayọ̀tayọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1913, ní Paris, Vaslav Nijinsky gbé ijó kan kalẹ̀ sí orin Igor Stravinsky. Àwọn oníjó yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ballet tí àwọn èrò mọ̀ ni kí oníjó na ara, kó fò bí ẹni tí kò wúwo. Ariwo sọ, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń súfèé, tó fi jẹ́ pé àwọn oníjó kò gbọ́ orin mọ́. Nijinsky gun orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ń pariwo ka ìgbésẹ̀ fún wọn. Orin yẹn kan náà ni Pina Bausch ṣe ijó mìíràn sí ní Jámánì ní 1975, ijó ti Bausch yìí sì ni àwọn oníjó láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà wá kọ́ ní École des Sables, tí wọ́n ń gbé kiri ayé láti 2021. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ara tó kọ nǹkan tuntun kì í ṣe àìlàjú. Àwọn ará Paris náà ní ohun tí ojú wọn ti mọ́ lára, ẹnì kan sì yí i padà lójú wọn.

Ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ijó òde òní fẹ́ràn ilẹ̀: wọ́n á jókòó, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á yí gbiri. Fún òǹwòran ní ìlú mìíràn, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà kan láti lọ láti ibì kan dé ibòmíràn lásán ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ara tó kan ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ná. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, ẹni tó wà níwájú ọba yíká ọ̀tún, ó yíká òsì. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá wà nílẹ̀. Òǹwòran Ifẹ̀ kò lè rí oníjó nílẹ̀ kó má rí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sì yẹ kó máa fi ipá lé wọn kúrò lọ́kàn nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé "ijó lásán ni." Oníjó tó dàgbà sí ìlú yìí mọ̀ wọ́n, ó sì mọ̀ pé ẹ mọ̀ wọ́n.

Mo wo ọ̀kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin kan jáde, ó ró aṣọ àdìrẹ, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àga òfìfo kan. Gángan kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́. A rò pé yóò dìde. Kò dìde. Gángan dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà dákẹ́, ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú àga tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Ó pẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, èjìká gbà á, ìgbọ̀nwọ́ kan ilẹ̀, ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó tún padà sórí ìkúnlẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Kíkí tó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀wọ̀ di ohun mìíràn lójú wa, láìsí pé ó yí ìgbésẹ̀ padà.

Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó nítòsí mi kò lè mú un mọ́ra. Ó sọ ọ́ síta pé, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dìde."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà níwájú yíjú padà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Màmá, ẹ má bínú, ijó ni wọ́n ń jó."

"Mo mọ̀ pé ijó ni. Kí ẹnì kan dá a lóhùn ni mo wí."

Nígbà tó parí tí a ń jáde, màmá yìí kan náà ló sọ fún ẹni tó bá a wá pé ijó náà kò yé òun. Ó dùn mí dọ́kàn. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó yé tó bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ rí ọmọ tó kúnlẹ̀ tí kò sí ẹni tó dáhùn. Ara rẹ̀ kò gbà á, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ gbé e dìde. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ sì sọ fún un pé ọmọ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló kó jọ sínú gbólóhùn kan kí ijó tó parí. Ohun tó rò pé òun kò ní ni àlàyé irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ní tèmi, ohun tó mú mi ni ìgbà tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́. Àyà mi sún kì. Mi ò ronú nípa àgbà kankan, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bá mi. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tó ṣe màmá àti ohun tó ṣe mí, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, nítorí àwa méjèèjì lè na ìka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé pé, "Níbí ló ti bẹ̀rẹ̀." Ohun tí mo fi ń mọ ààlà nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ọdún tó kọjá ni ijó náà ń sọ, ẹ bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá rí nǹkan fi hàn yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Bí kò bá rí i, a jẹ́ pé ó ti kúrò nídìí ijó, ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó wọlé ló ń sọ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti wo ọ̀rọ̀ ara yìí. Ní 2005, àwọn olùwádìí ní University College London gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nínú ballet àti àwọn tó jẹ́ ọ̀gá nínú capoeira, ijó onífò àti onítàpá tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dá sílẹ̀ ní Brazil. Wọ́n fi fídíò ijó méjèèjì hàn wọ́n bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ láìmira. Nígbà tí oníjó bá ń wo ijó tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́, àwọn ibi tó jẹ mọ́ ìgbésẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tó bá ń wo ti èkejì lọ. Ara tó ti jó ń bá ẹni tó ń jó jó, bó tilẹ̀ jókòó sójú kan. Ẹni tó ti kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lóròòwúrọ̀ títí tó fi dàgbà ní ohun kan nínú orúnkún tí kò sí lára ẹni tí kò kúnlẹ̀ rí, màmá tó jókòó nítòsí mi kò sì tíì yẹ orúnkún rẹ̀ wò kó tó sọ pé kò yé òun.

Orin wá ńkọ́? Níbẹ̀, ohun tó ń rú wa lójú jù ni ègbè. Bí apàlọ́ bá lé orin, gbogbo ọmọ tó jókòó ló ní iṣẹ́ lẹ́nu. Ìdajì orin náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń lé e, ẹnu wa ló wà. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ti mú iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ wa: àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti gbe ègbè, wọ́n ti tún un ṣe, ó ti pé. A wá jókòó, a ń gbọ́, a ò sì mọ ohun tó sọnù. Ọ̀pọ̀ tó máa ń sọ pé orin tuntun "kò wọ àwọn lára," bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, iṣẹ́ ni wọn ò rí ṣe nínú orin ọ̀hún. Nígbà tí olórin bá wà níwájú yín, ẹ tẹ́tí sí àlàfo. Bó bá kọ ìlà kan tó wá dákẹ́ fún ìwọ̀n tó gùn tó ìlà náà, tí gìtá nìkan ń lọ, tiyín ni ibẹ̀. Ẹ gbà á. Àwọn olórin tí mo mọ̀ kì í bínú sí i, inú wọn máa ń dùn débi pé wọ́n á tún un lé.

Ohun kejì lè fara pamọ́. Èdè wa ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, orin tó bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ máa ń yé wa láìsí wàhálà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí ohùn orin òyìnbó ni wọ́n kó ọ̀rọ̀ wa lé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni orin ń gòkè. T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, wà lára àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ láti tún un ṣe. Ìṣòro náà tún ń yọjú lónìí lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ti to ohùn gìtá rẹ̀ tán kó tó wá ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ̀yin á gbọ́ ọ, nǹkan kan á kàn máa há yín létí. Ẹ ṣe báyìí: ẹ sọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu lásán bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wá kọ ọ́ bí olórin ṣe kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà di ọ̀rọ̀ mìíràn ni ibi tó ń há yín.

Ẹsẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin ọdún wa, ẹsẹ̀ ń ka méjì nígbà tí àtẹ́wọ́ ń ka mẹ́ta láàárín àkókò kan náà, ibi tí méjèèjì ti ń pàdé tí wọ́n tún ń yà ni ara ti ń yá. Bí wọ́n bá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń lu mẹ́rin-mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, ọ̀rọ̀ orin lè má yí padà rárá, kí ohùn náà má yí, kí ẹsẹ̀ yín sì kọ̀ láti gbéra.

Ní ti kí orí èèyàn wú nídìí orin, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì McGill ní Kánádà gbé iṣẹ́ jáde ní 2011 lórí ẹ. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú orin tó máa ń mú orí tirẹ̀ wú wá. Wọ́n rí i pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine ń tú jáde nínú ọpọlọ nígbà tí orin bá dé ibi tó dùn jù, àti pé ó ti ń tú ní apá ibòmíràn nínú ọpọlọ ṣáájú, nígbà tí ẹni náà ń retí ibẹ̀. Ìretí yẹn ṣe pàtàkì. A ò lè retí ohun tí a kò gbọ́ rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbọ́ orin tuntun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó sọ pé kò ṣe nǹkan kan fún àwọn. Ìdí nìyí bákan náà tí èèyàn méjì fi lè jókòó pọ̀, kí olórin fi oríkì Oníkòyí sí àárín orin rẹ̀, kí omi máa bọ́ lójú ọ̀kan, kí èkejì máa wo fóònù. Ọ̀kan ti ń gbọ́ oríkì yẹn láàárọ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Àwọn ará Iléṣà ní ohun ìyanu kan tó yẹ kí wọ́n wá gbọ́. Ní Bahia ní Brazil, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá, orúkọ Ìjẹ̀ṣà ni. Àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun ló gbé e lọ. Ó ti inú ilé òrìṣà jáde sí ìgboro, ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1949 sì ń lù ú tí wọ́n bá ń jáde nígbà àjọ̀dún ìlú wọn. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ gbọ́ agogo inú rẹ̀. Bóyá ẹ máa sọ pé tiwa ni, bóyá ẹ máa sọ pé kì í ṣe tiwa mọ́. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ kíyè sí ohun tí ẹsẹ̀ yín ṣe kí ẹnu yín tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ sọ síta. Ifẹ̀ ni a wà, púpọ̀ nínú orin tí àwọn olórin tuntun ń bù lò jẹ́ orin òrìṣà. Kí ìlù ìgbìn Ọbàtálá dún lórí ìtàgé, ẹ máa rí i tí ara ọmọ ìjọ kan tàbí mùsùlùmí kan á le. Àwọn kan á dìde. Mi ò bá wọn wí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n pè é lórúkọ rẹ̀. "Ẹ̀sìn mi kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ níbẹ̀" jẹ́ òtítọ́, ó sì ní iyì. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé e gba ibòmíràn, tí wọ́n ní ọmọ náà kò mọ orin kọ, wọ́n ti rẹ́ ọmọ tó ṣiṣẹ́ jẹ, wọn ò sì tíì sọ ohun tó ṣe wọ́n. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Orin wà tó ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ìdílé tirẹ̀, tí wọn kì í kọ ní ọjọ́ mìíràn. Bí ẹni tó ni ín bá gbọ́ ọ láàárín gìtá ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ìmọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, olórin tó bá ní làákàyè á lọ jókòó tì í.

Ijó tí kò dáa náà wà, orin tí kò dáa wà. Bí ó bá sú yín, ẹ wá ìṣẹ́jú tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú yín. Ìgbà mìíràn, oníjó ti tún nǹkan kan ṣe títí tí kò fi ní agbára nínú mọ́. Ìgbà mìíràn, òun alára ti kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Ìgbà mìíràn sì rèé, ebi ló ń pa ẹ̀yin tí ẹ jókòó. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Lẹ́yìn eré, àwọn oníjó sábà máa ń dúró níta, òógùn ṣì wà lára wọn. Ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ jù ni "Ẹ kú iṣẹ́," wọ́n á dúpẹ́, a ó sì lọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó ní ojú ibì kan pàtó: "Níbo lẹ ti rí yíyí tí ẹ ń yí nílẹ̀ yẹn?" "Kí ló dé tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fi kẹ́yìn gángan láti dákẹ́?" Ẹ sọ ohun tó ṣe yín lára fún wọn àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ló bí yín. Wọ́n máa gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó lọ́jọ́ kejì, torí pé láti orí ìtàgé, òkùnkùn nìkan ni wọ́n ń rí níbi tí a jókòó sí.